Mò Ń Bọ̀ Kì Í Ṣe Ìdáhùn

“Yí sí òsì, kí o sì máa sọ̀kalẹ̀,” ni Òpìpì kà jáde láti inú orí tuntun nínú ìwé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán.

“Mo yí sí ọ̀tún,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Ẹ̀ ń gòkè.”

Òpìpì gbójú sókè kúrò lára ìwé. Ìyá Ìbejì jókòó sí òdìkejì tábìlì kíṣìnnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì rẹ̀ mú, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ tààrà láìṣẹ́jú. Oòrùn àárọ̀ ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sí irun funfun tó wà níwájú orí rẹ̀.

“Ọ̀tún kẹ̀?”

“Ọ̀tún.”

Ẹlòmíràn ìbá dìde. Ẹlòmíràn ìbá gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ní kí ó gbé apá sókè kí òun wò ó. Òpìpì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó fi bíírò fa ìlà sábẹ́ “òsì,” ó ní, “Obìnrin yìí, o tún ti rí i,” ó kó ìwé rẹ̀, ó sì gba yàrá ìkọ̀wé lọ.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ òmùgọ̀. Ó ní ìdí.

Iṣẹ́ wíwa bàálù akẹ́rù àwọn ológun ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́, bàálù tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́ sáré títí dé òpin ojú ọ̀nà, ó kọ̀ kò gbéra, ó sì lọ fi imú gbẹ́ ilẹ̀ nínú oko àgbàdo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Òpìpì, adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Òun ni wọ́n fi ń pè é lórí rédíò títí ó fi di ọ̀gá, òun náà ni ó sì wà lẹ́yìn gbogbo ìwé ìtàn adẹ́rùbani tí ó ti kọ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n ní kí ó fi bàálù sílẹ̀. Wọ́n bi í léèrè lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà kan bí ó ṣe yí iṣẹ́ padà. Ó ní òun kò yí iṣẹ́ kankan padà: ẹrù ni òun ń kó tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ni òun ń tà báyìí, àmì ohùn kan péré ni ó yàtọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, sà,” ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà bi í, “ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?” Ó ní oníṣòwò tó bá ń jẹ ọjà ara rẹ̀ kò ní jèrè.

Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Òun mọ òótọ́.

Òun ni ohùn inú ilé ìṣọ́, ilé gíga onígíláàsì tí wọ́n ti ń darí àwọn bàálù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí awakọ̀ tó mọ ojú rẹ̀. Ohùn ni gbogbo wọn ń pè é. Níbòmíràn, ojú lọ̀rọ̀ wà. Lókè, etí ni ó wà, nítorí náà òfin kan wà tí kò gba àwàdà: ohun tí ilé ìṣọ́ bá sọ fún ọ, o gbọ́dọ̀ tún un sọ padà bí o ṣe gbọ́ ọ, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun dé ọ̀dọ̀ rẹ láìfọ́. Kò sì sí “ẹ” ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Bí Ohùn bá sọ pé “ẹ máa sọ̀kalẹ̀” nítorí pé ọ̀gá àgbà ni ó wà lókè, bàálù méjì lè gbà á sí tiwọn, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa sọ̀kalẹ̀ wá kọlu ara wọn. “O” ni ó ń pe gbogbo wọn, àtọ̀gá àtọmọ ìkọ́ṣẹ́. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn tán, yóò tún wá máa “ẹ kú iṣẹ́, sà” kiri.

Àṣà yìí tẹ̀ lé wọn délé. “Ra iyọ̀ bọ̀.” “Iyọ̀, mo gbọ́, mò ń lọ rà á.” “Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.” “Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ti tì í.” Àwọn ìbejì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dàgbà, tí oníkálukú wọn sì kó lọ sí ìlú tó jìnnà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọn kì í sọ nínú ilé náà: “Mò ń bọ̀.” Ọjọ́ kan ni ó fà á. Èéfín igbó tó ń jó ti bo gbogbo ojú ọ̀run, bàálù méjì ni ó sì ṣẹ́ kù lókè, ti Òpìpì àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ohùn bi Ẹlẹ́rìn-ín pé níbo ló wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mò ń bọ̀.” Ohùn ní, “Mò ń bọ̀ kì í ṣe ìdáhùn. Sọ ibi tí o wà.” Kò sọ ọ́. Òkè kan ti dúró dè é nínú èéfín náà. Lẹ́yìn èyí ni ohùn kan náà kọjú sí Òpìpì, kò gbọ̀n rárá: “Ojú ọ̀nà ṣófo. Máa bọ̀.” Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, Òpìpì náà ń tún un sọ padà. Kò rí ohunkóhun. Ohùn náà ni ó tẹ̀ lé bí afọ́jú ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀pá, títí táyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Nígbà tí ó gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ lọ láti dúpẹ́, ó bá ẹni tó ni ohùn náà níbi tí ó ti ń bì sínú garawa ìdalẹ̀nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ẹ.

“Ẹni tó ń wọlé ń sọ pé mò ń bọ̀,” ni Ìyá Ìbejì máa ń wí, “ẹni tó kẹ̀yìn sílé tó ń lọ náà ń sọ pé mò ń bọ̀. Èwo ni kéèyàn gbà gbọ́ níbẹ̀?” Òpìpì sọ ọ́ di ọgbọ́n ìṣòwò. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, ẹni tó bá ti la ẹnu sọ pé “mò ń bọ̀,” ẹ gbẹ́lẹ̀ dè é. Àwọn òǹkàwé ti mọ̀. Wọn a máa kọ ọ́ sí ara wọn lórí fóònù pé, “Ó ti sọ ọ́ o! Ó ti tán fún un!”

Ìyá Ìbejì ni òǹkàwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Kì í sọ pé ibí yìí kò dára. Bí Òpìpì bá kà dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, òun a máa dáhùn bí awakọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ohun tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ kọ ni yóò fi dáhùn, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tún ìwé kejì ṣe, tí àwọn atẹ̀wé fi ń tẹ̀ ẹ́ léraléra di òní. Nítorí náà, nígbà tí ó ní ọ̀tún, Òpìpì gbà pé ọ̀tún ni. “Ẹ” tó wà nínú “ẹ̀ ń gòkè” sì gba etí rẹ̀ kọjá. Lórí rédíò, ìyàwó rẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni ní “ẹ” rí.

Nínú yàrá ìkọ̀wé, ó yí tábìlì ká bí ó ṣe máa ń yí bàálù ká kí ó tó wọ̀ ọ́, ó fọwọ́ kan àtùpà, ó mi àga wò, ó jókòó. Ó yí bàálù inú ìtàn rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì jẹ́ kí ó máa gòkè. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣí sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń wa bàálù náà, tí ìbá sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, wá bá ara rẹ̀ nínú ìkùukùu dúdú, kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀, ẹni tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń dáhùn ohun tí kò bi í. Irun ọrùn Òpìpì fúnra rẹ̀ dìde. Ó fẹ́ràn kí ó máa rí bẹ́ẹ̀.

Fóònù dún. Olóòtú rẹ̀ ni.

“Bàbá, orí tó kù dà?”

“Ìyá Ìbejì ti dà á rú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ó sì ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Ẹ bá mi kí wọn o. Àwọn gan-an ló yẹ kí orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé.”

“Rọra sọ ọ́, kó má gbọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni ó gbọ́ omi. Ẹ̀rọ omi kíṣìnnì ń dà. Ẹni tó ti wa bàálù kì í gbọ́ ìró lásán. Etí rẹ̀ mọ èyí tó yẹ kó dúró, tó sì kọ̀ tí kò dúró.

“Ìyá Ìbejì, omi ń dà o!”

“Omi ń dà o,” ni ohùn rẹ̀ dáhùn.

Ó ti tún un sọ. Ọkàn Òpìpì balẹ̀, ó padà sínú ìkùukùu rẹ̀. Ó kọ ojú ìwé kan. Ó kọ òmíràn. Omi ṣì ń dà.

“Ìyá Ìbejì!”

“Omi,” ni ohùn náà wí. “Omi ń. Omi.”

Àtúnsọ tó bá fọ́, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní nínú iṣẹ́ wọn: ẹnì kan wà nínú ewu lókè. Ó sáré jáde tí àga fi ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì dúró síwájú ẹ̀rọ omi. Omi ti kún bàsíà, ó ti dà sílẹ̀, ó ti dé ẹsẹ̀ tábìlì. Ife tíì ti fọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú bàsíà náà bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, igun ẹnu rẹ̀ kan sì ti wọ́ sísàlẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Ojú ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì ni ó fi ń wò ó.

“Ọ̀tún,” ó wí.

Ṣé ohun tí ó ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn? Òpìpì kò ní mọ̀ láéláé, ìbéèrè náà sì gún un lọ́kàn níbi tí ó dúró sí.

Kò rántí bí ó ṣe pariwo. Télọ̀ tó ń gbé ilé kejì ni ó sáré wọlé, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni ó ní ọkọ̀. Ojú Òpìpì kò jẹ́ kí ó wakọ̀ mọ́, ọkùnrin tó ti fi bàálù gba àárín òkè méjì kọjá rí. Àwọn méjèèjì jọ gbé Ìyá Ìbejì sẹ́yìn ọkọ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni télọ̀ ń wí, bẹ́ẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kò dákẹ́. “A ti débẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.”

Ẹ̀rù ń ba Òpìpì. Ó yà á lẹ́nu pé kò jọ èyí tí òun ń tà. Nínú ìwé rẹ̀, àyà àwọn akọni máa ń lù kìkìkì, òógùn a bò wọ́n, ọpọlọ wọn a sì mú bí abẹ. Ọpọlọ tirẹ̀ kò mú. Sálúbàtà ni ó ń rò. Ẹsẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ìkejì ti kù sínú omi kíṣìnnì, ó sì ń rò ó pé bí wọ́n bá dé ọsibítù, kí ni yóò fi rìn? Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà wúwo, ó rọ̀, kò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú padà.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin kékeré kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan kan nínú ọpọlọ. Oògùn kan wà tó lè tú u. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ jù tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, oògùn yẹn kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú orí rẹ̀, kí ó sì pa á.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó já gaara lẹ́nu wọn kẹ́yìn?”

“Láàárọ̀.”

“Àárọ̀ gùn, sà. Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé nǹkan ń ṣe wọ́n?”

“Èmi ni. Ó sọ ọ̀tún dípò òsì.”

“Ẹ wá ṣe kí ni?”

Òpìpì wo ilẹ̀. “Mo lọ tún ìwé mi kọ.”

Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀? Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òun tiẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè tirẹ̀, tí ó tún yìn ín pé ó mọ iṣẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìdáhùn,” ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. “Bí kò bá dá yín lójú, n ò lè fún wọn.”

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òpìpì di ojú, ó sì fi agbára padà sídìí tábìlì kíṣìnnì, ṣáájú kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀. Agogo ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ń lù. Òun ti na ife sí ìyàwó rẹ̀, òun ní, “Ṣúgà kan, má rò ó pọ̀.” Ó sì dáhùn. Kí ni ó fi dáhùn? Ẹ̀rù bà á pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́, bí òun ṣe ń kọ gbogbo nǹkan. Ó dúró. Ó tẹ́tí. Ohùn náà sì dé, gbogbo rẹ̀ pé: “Ṣúgà kan, n kò rò ó pọ̀.” Ká ní tọkọtaya mìíràn ni wọ́n, obìnrin náà ìbá kàn mi orí lásán, kò sì ní sí ohun tí òun yóò rántí.

“Aago mẹ́jọ, nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ ń lù,” ó wí. “Ó tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ó pé.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Dókítà wo agogo ara ògiri. “Ó ku díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó lè ṣiṣẹ́. Ó lè má ṣiṣẹ́. Ohun tí mo sọ nípa ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣé kí n fún wọn?”

“Fún un.”

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí “ẹ,” láìsí “ẹ jọ̀ọ́.” Dókítà ti yí padà, ó ti ń lọ. “Mò ń fún wọn,” ni ó dáhùn láti ẹ̀yìn, kò sì mọ̀ pé òun ti tún ọ̀rọ̀ sọ.

Wọ́n fi Òpìpì sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ sálúbàtà kan lọ́wọ́. Télọ̀ lọ tẹ àwọn ìbejì láago. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró, ó wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. “Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìyí, sà? Òpìpì? Háà, ẹ̀rù tó wà nínú ìwé yín yẹn pọ̀ o! N ò lè pa iná sùn.” Ó fẹ́ dá a lóhùn bí ó ṣe máa ń dá wọn lóhùn. Nọ́ọ̀sì náà rí sálúbàtà ọwọ́ rẹ̀, ó ní “ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó sì yára lọ.

Ó ti di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó ní kí ó wọlé. Ìyá Ìbejì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òkè àjà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò tíì ya sínú orí, pé àwọn kò sì tíì lè sọ ohun tó kù. Ó ní kí ó máa bá a sọ̀rọ̀.

“Ìyá Ìbejì.”

Ojú náà kọjá lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ògiri.

“Ìyá Ìbejì, èmi ni. Bàbá Ìbejì.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kí ni ó fẹ́ sọ? Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ẹni tó wà lókè ni òun, òun ni ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ, ìyàwó rẹ̀ ni ó wà nílẹ̀. Ó wo ojú tó ń wá nǹkan kiri lára àjà náà. Òun ni ó wà nílẹ̀ báyìí. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé ìṣọ́.

Ó fà mọ́ etí rẹ̀.

“Ohùn,” ó wí. “Ojú ọ̀nà ṣófo. Máa bọ̀.”

Ó tún un sọ. Ó ń sọ ọ́ láìkánjú, ó di ohùn rẹ̀ mú kí ó má baà gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. “Ojú ọ̀nà ṣófo. Máa bọ̀.” Ó gbé e mì. “Ojú ọ̀nà ṣófo. Máa bọ̀.”

Ojú náà dúró. Ètè rẹ̀ mira, apá kan yára ju ìkejì lọ.

“Mò,” ó wí. Ó sinmi. “Mò ń bọ̀.”

Gbogbo àwọn tí Òpìpì ti fi gbólóhùn yẹn pa nínú ìwé tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni ó sì ṣáájú wọn. Ẹni tó ń wọlé ń sọ ọ́. Ẹni tó kẹ̀yìn sílé náà ń sọ ọ́. Ó fẹ́ pariwo pe dókítà, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ó fẹ́ sá. Ó fi ọwọ́ di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

“Mò ń bọ̀ kì í ṣe ìdáhùn,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. “Sọ ibi tí o wà.”

Ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ gbéra lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń táràrà, ó kan apá rẹ̀, ó gòkè, ó rí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kan, ó sì dì í mú.

“Ibí,” ó wí.

“Ibí,” ni Òpìpì dáhùn. “Mo gbọ́. Ibí.”

Ó dúró tì í títí oorun fi gbé e lọ, oorun gidi, tí dókítà wá wò tí ó sì mi orí sí pé ó dára. Òpìpì rọra yọ bọ́tìnì rẹ̀ kúrò láàárín ìka ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, ó ń wá garawa ìdalẹ̀nù tí yóò bì sí.